Kí Ẹ Tó Gbé E Dórí Tábìlì: Bí Mo Ṣe Ń Yẹ Ìwé Ìrìn-àjò Kékeré Wò

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin òǹwòran mi. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan. Àwa márùn-ún la jókòó yí tábìlì ká láti ṣe Dungeons and Dragons, eré ìtàn tí a ń fi ẹnu sọ, tí a sì ń fi dáìsì ṣe. Èmi ni mo ń darí eré. Ìwé ìrìn-àjò olójú ìwé 16, ìyẹn ìwé tó ní ìtàn àti máàpù tí a ó fi ṣeré, ni mo rà, àwòrán iwájú rẹ̀ sì wù mí débi pé mo kọ́kọ́ fi han gbogbo wọn. Nígbà tó fi máa tó wákàtí kan àtààbọ̀, a ti dé yàrá kẹrin. Ìwé ní ilẹ̀kùn ìkọ̀kọ̀ kan wà lára ògiri yàrá náà. Ẹni tó bá ń wá a yóò ju dáìsì, àpapọ̀ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ tó 15. Àwọn ọ̀rẹ́ mi wá a, dáìsì kọ̀. Mo yára ṣí ojú ìwé tó kàn láti mọ ọ̀nà mìíràn tí wọ́n lè gbà. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ojú ìwé 9 tó kù nínú ìtàn náà, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn ló wà pátá.

Mo ní ògiri náà wó fúnra rẹ̀. Wọ́n gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí i lójú wọn pé adùn ti bọ́ lára eré náà. Láti ọjọ́ yẹn, n kì í gbé ìwé kankan síwájú ẹnikẹ́ni láìkọ́kọ́ mú pẹ́ńsù kà á. Ohun tí mò ń wò nígbà tí mo bá ń kà á ni mo fẹ́ fi hàn yín lónìí.

Fún ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí: Dungeons & Dragons ni eré tí mò ń sọ. Gary Gygax àti Dave Arneson ló ṣe é, ó sì jáde lọ́dún 1974 láti ìlú Lake Geneva, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, ní Amẹ́ríkà. Ẹnì kan ló ń darí, òun ni wọ́n ń pè ní DM, ìyẹn Dungeon Master. Àwọn yòókù, olúkúlùkù ló ní ẹ̀dá ìtàn tirẹ̀: jagunjagun, oṣó, olè, àlùfáà. DM á sọ ohun tí wọ́n rí àti ohun tí wọ́n gbọ́, àwọn náà á sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti ní iyèméjì, dáìsì olójú 20 ni yóò dá ẹjọ́ rẹ̀.

Ìwé òfin kì í sọ ibi tí ẹ ó lọ. Ìwé ìrìn-àjò ló ń sọ ìyẹn: ihò báyìí wà níbi báyìí, ẹni báyìí ló ń gbé inú rẹ̀, ohun báyìí ló ń wá. Àfikún ní tirẹ̀ ń bu nǹkan kún òfin: ọfọ̀ tuntun, abàmì ẹ̀dá, abúlé kan àti àwọn ará ibẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn méjèèjì ti ń rìn pọ̀. Nínú àfikún Blackmoor ti ọdún 1975 ni ìrìn-àjò àkọ́kọ́ fún eré yìí ti jáde, ìtàn tẹ́ńpìlì àwọn olùsin ọ̀pọ̀lọ́.

Ohun tó sọ ọjà yìí di ńlá ni ìwé àṣẹ kan tí ilé iṣẹ́ Wizards of the Coast gbé jáde lọ́dún 2000, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n ra ilé iṣẹ́ tó ni eré náà. Àṣẹ yẹn gba ẹnikẹ́ni láyè láti kọ ìwé tó bá òfin eré mu, kó sì tà á. Ọjà DMs Guild, níbi tí wọ́n ti ń ta irú ìwé bẹ́ẹ̀, ṣí lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dún 2016. Nígbà tó di oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, ilé iṣẹ́ náà fẹ́ yí àṣẹ àtijọ́ padà, àwọn aṣeré sì fárígá. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n ti gbé ìpìlẹ̀ òfin ẹ̀dà karùn-ún sábẹ́ àṣẹ Creative Commons, irú èyí tí a kì í gbà padà lọ́wọ́ aráyé.

Ìdí nìyẹn tí ẹnì kan ṣoṣo fi lè jókòó sí yàrá rẹ̀, kó kọ ìwé olójú 8 tàbí 20, kó sì tà á ní dọ́là díẹ̀. Inú mi dùn sí èyí gan-an. Àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí olóòtú kankan láàárín ẹni tó kọ ọ́ àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ rà á. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó ṣe olóòtú. Ẹ má sì fi owó tẹ́ ẹ ná díwọ̀n àdánù. Bí ènìyàn márùn-ún bá fi wákàtí 4 jókòó ti ìwé tí kò dára, wákàtí 20 ló lọ síbẹ̀, owó kankan kò sì lè rà á padà.

Ìbéèrè tí mo máa ń bi ìwé kò ju ẹyọ kan lọ: iṣẹ́ wo lo gbà lọ́wọ́ mi? Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń yẹ irú ìwé yìí wò máa ń kà á bí ẹni ń ka ìwé ìtàn. Wọ́n á yin èdè rẹ̀, wọ́n á yin àwòrán rẹ̀, wọ́n á yin ìtàn àwọn ọba tó ti kú. Èmi kò bá wọn lọ síbẹ̀. Irinṣẹ́ ni. Ẹni tí yóò lò ó wà níwájú ènìyàn mẹ́rin tó ń bi í ní ìbéèrè léraléra, ojú rẹ̀ kan wà lórí ìwé, ìkejì wà lára wọn. Bí kò bá lè rí ohun tó ń wá kíákíá, ìwé náà ti já a kulẹ̀, bó ti wù kó lẹ́wà tó.

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí ilẹ̀kùn wa. Ká ní ẹni tó ń wá a lè fi 3 kún ohun tó bá jù. Dáìsì gbọ́dọ̀ dé 12 kó tó rí i. Ojú 9 nínú 20 ló lè gbà á, ìyẹn ìdá 45 nínú 100. Ẹni tó kọ ìwé yẹn ti fi ìdá 55 nínú 100 gbà pé ìtàn òun yóò parí sí yàrá kẹrin, ó sì ṣeé ṣe kó má mọ̀. Bí irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ méjì, tí ẹnì kan ṣoṣo sì ń wá wọn lẹ́ẹ̀kan péré, nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 ló kù tí yóò fi rí méjèèjì. Nítorí náà, ibikíbi tí mo bá ti rí i pé wọ́n gbọ́dọ̀ ju dáìsì, mo máa ń fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé: bí wọn kò bá rí i ńkọ́? Ìwé tó dára máa ń dáhùn. Àwárí tó ṣe pàtàkì máa ń wà ní ibi mẹ́ta ó kéré tán: lẹ́nu ẹlẹ́wọ̀n kan, lára àwòrán ògiri, nínú lẹ́tà tó wà lápò ẹni tó ti kú.

Máàpù náà ńkọ́? Ẹ fi ìka tọ̀ ọ́ láti ẹnu ọ̀nà. Bó bá jẹ́ pé yàrá kìíní ló lọ sí ìkejì, ìkejì sí ìkẹta, bẹ́ẹ̀ títí dé òpin, a jẹ́ pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni àwọn tó ń ṣeré ní, wọn kò ní ohun tí wọ́n ń yàn. Jennell Jaquays, tó kú lọ́dún 2024, ni ọ̀gá nínú iṣẹ́ yíya máàpù eré yìí. Nínú ihò Thracia tó yà lọ́dún 1979, ọ̀nà tí a lè gbà wọlé pọ̀, àtẹ̀gùn tó so òkè pọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ pọ̀, ẹgbẹ́ méjì lè wọ ibẹ̀ kí wọ́n sì jáde pẹ̀lú ìtàn tí kò jọra. Ìwé kékeré kò nílò tó bẹ́ẹ̀. Nínú yàrá mẹ́jọ, ọ̀nà kan tó yí ká padà sí ibi tí a ti kọjá ti tó láti mú kí àwọn tó ń ṣeré dúró, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn. Ìgbà tí wọ́n bá ń jiyàn láàárín ara wọn, tí èmi kò sì sọ nǹkan kan, ni mo máa ń mọ̀ pé eré ti dùn.

Ibi tó kàn yìí ló wù mí jù, torí náà ẹ ṣe sùúrù fún mi. Ẹ wo àkọsílẹ̀ yàrá kan tó wà lójú ẹ̀rọ yín. Èmi ni mo kọ ọ́ fún àpẹẹrẹ, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ kún ọjà.

“Ọba Dorvan ló kọ́ yàrá yìí ní 300 ọdún sẹ́yìn nígbà tí ayaba rẹ̀ kú. Ìbànújẹ́ rẹ̀ pọ̀ débi tó fi pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ikú ọba, àbúrò rẹ̀ ti yàrá náà pa. Òtútù wà níbẹ̀. Òkú ayaba ṣì ń rìn.”

Kò burú létí. Ṣùgbọ́n ẹ bi gbólóhùn kọ̀ọ̀kan pé: báwo ni ẹni tó ń ṣeré yóò ṣe mọ èyí? Ta ni yóò sọ fún un nípa àṣẹ ọba? Òkú tó ń rìn ni ohun àkọ́kọ́ tí ojú yóò rí, ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n sì gbé e sí. Ẹ wá wo èkejì.

“Òtútù. Omi ń kán láti òkè. Obìnrin kan tí ara rẹ̀ fúyẹ́ bí èéfín jókòó lórí àpótí òkúta, ó ń fi òòyà ya irun rẹ̀. Kò gbójú sókè.”

Ìyẹn ni DM yóò kà síta. Ohun tí DM nìkan yóò mọ̀ wà nísàlẹ̀: bí wọ́n bá pe orúkọ ọkọ rẹ̀, tó wà lára òrùka inú yàrá 2, yóò dìde kúrò lórí àpótí. Bí wọ́n bá fọwọ́ kan àpótí kó tó dìde, yóò kígbe, àwọn goblin, abàmì ẹ̀dá kékeré tó wà nínú yàrá 5, á sì gbọ́. Ẹ rí i pé ọba Dorvan kò sọnù. Ó ti di òrùka tí ọwọ́ lè gbé. Yàrá yìí bá yàrá méjì mìíràn tan, ohun méjì ló sì wà tí ènìyàn lè ṣe níbẹ̀. Ẹ tún ka ọ̀rọ̀ àkàsíta náà sókè sínú yàrá yín. Bó bá ju gbólóhùn mẹ́rin márùn-ún lọ, ẹnì kan ti mú fóònù rẹ̀.

Mo dárúkọ goblin, ẹ jẹ́ ká ka iye wọn. Ọ̀pọ̀ ìwé fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ máa ń fi goblin 4 ba ní bèbè ọ̀nà de ẹ̀dá ìtàn 4 ti ìpele kìíní. Nínú òfin ọdún 2014, goblin máa ń fi 4 kún ohun tó bá jù. Oṣó tí ààbò rẹ̀ (iye tí ìkọlù gbọ́dọ̀ dé kó tó bà á) jẹ́ 12, tí ìwọ̀n ẹ̀mí rẹ̀ sì jẹ́ 7, yóò jẹ ìdá 65 nínú 100 ohun tí wọ́n bá sọ sí i, lílù méjì sì sábà máa ń gbé e ṣubú. Bí ẹ bá fi ìṣirò inú ìwé òfin fúnra rẹ̀ wò ó, ìjà náà bọ́ sí ìpele tó burú jù, èyí tó lè pa ènìyàn. N kò sọ pé kí wọ́n yọ ọ́. Ohun tí mo ń wá ni ìkìlọ̀ fún DM, ẹsẹ̀ tí wọ́n lè rí lójú ọ̀nà kí ibùba tó ṣí, àti ohun tí àwọn goblin yóò ṣe bí ẹnikẹ́ni bá juwọ́ sílẹ̀.

Àfikún ọfọ̀ rọrùn láti wọ̀n, torí òṣùwọ̀n wà nílẹ̀. Magic Missile jẹ́ ọfọ̀ ìpele kìíní: ọfà 3, ọ̀kọ̀ọ̀kan dáìsì olójú 4 pẹ̀lú 1. Ìpíndọ́gba ìpalára rẹ̀ jẹ́ 10.5, kì í sì í tàsé. Fireball, tó jẹ́ ìpele kẹta, ń ju dáìsì olójú 6 mẹ́jọ, ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 28. Bí ọfọ̀ tuntun ti ìpele kìíní bá ń ṣe 18 láìtàsé, ẹ má wulẹ̀ jiyàn, yóò sọ àwọn yòókù di aláìníṣẹ́.

Bí àfikún bá sì mú òrìṣà wa wọnú eré, àwa tí a gbọ́ èdè ni ẹlẹ́rìí tó kúnjú ìwọ̀n jù. Mo máa ń wò ó bóyá ohun tí Ògún ń ṣe nínú òfin ti inú irin, ọ̀nà àti ìbúra jáde. Ẹni tó kàn kọ “òrìṣà ogun” síbẹ̀, tó sì fún un ní idà, kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ kọ̀wé sí i, ẹ sọ fún un pẹ̀lú sùúrù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fẹ́ mọ̀.

Bí ẹ bá ń kọ àgbéyẹ̀wò tiyín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bóyá ẹ kà á ni tàbí ẹ darí rẹ̀. Ẹ sọ bóyá ọ̀fẹ́ ni wọ́n fún yín. Ẹ dárúkọ ojú ìwé tí àléébù wà, torí “kò dára” kò ran ẹni tó kọ ọ́ lọ́wọ́, kò sì ran ẹni tó fẹ́ rà á lọ́wọ́. Kí ẹ sì wo ẹ̀yìn ìwé bóyá orúkọ àwọn tó kọ́kọ́ fi ṣeré wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ̀yin ni ẹ óò kọ́kọ́ fi orí kó o.

Ìwé olójú 16 yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo kọ ọ̀nà mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ yàrá kẹrin: goblin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán tó ń fẹ́ oúnjẹ, atẹ́gùn tó ń mi iná àtùpà, àti omi tó ń ṣàn gba abẹ́ ògiri. Mo fi ránṣẹ́ sí ẹni tó kọ ọ́. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, mo darí rẹ̀ fún ẹgbẹ́ mìíràn. Wọ́n wá ilẹ̀kùn náà, dáìsì tún kọ̀. Gbogbo wọn dákẹ́. Ẹni tó ń ṣe olè bá kúnlẹ̀, ó ní òun fẹ́ ki ọwọ́ sínú omi yẹn kí òun mọ ibi tó ń lọ.