Ó Ku Ìyípo Mẹ́jọ

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi nílé lóko àti lẹ́yìn odi. Ọ̀rọ̀ eré síkéètì lórí yìnyín ní Nẹ́dálándì ni mo gbé wá lónìí, orílẹ̀-èdè kékeré tí omi pọ̀ nínú rẹ̀. Èmi nìkan ni mo wà nídìí ẹ̀rọ, torí náà bí ọ̀rọ̀ bá ya bàrá, ẹ bá mi ní sùúrù.

Ọjọ́ 23 oṣù kejì, ọdún 2010. Richmond, lẹ́bàá Vancouver ní Kánádà. Eré mítà 10,000 ti àwọn ọkùnrin nínú Òlíńpíìkì. Sven Kramer ọmọ Nẹ́dálándì ti gba wúrà mítà 5,000 nínú Òlíńpíìkì yẹn kan náà. Òun àti Ivan Skobrev ará Rọ́ṣíà ni wọ́n jọ wà lórí yìnyín. Ìyípo 25 ni eré náà. Ó ku mẹ́jọ. Kramer ń bọ̀ láti ọ̀nà inú, ọ̀nà òde ló kàn án, ó sì ti kọjú sí i. Ni kóòṣì rẹ̀, Gerard Kemkers, tó dúró létí yìnyín, bá figbe ta, ó nawọ́ sí ọ̀nà inú. Kramer yẹsẹ̀ lójijì. Ó wọ ọ̀nà inú.

Ó parí ní 12:54.50. Lee Seung-hoon ti Gúúsù Kòríà ti sá tirẹ̀ ṣáájú ní 12:58.55. Kramer nawọ́ sókè, ó rò pé òun ti gbà á. Kemkers ló wá bá a, tó sọ fún un pé wọ́n ti fagi lé e. Ó ju awò ojú rẹ̀ nù. Mo ti wo ibẹ̀ yẹn láìmọye ìgbà, kò tíì yé dùn mí.

Òfin náà, ẹ̀yin tó ń wo eré yìí mọ̀ ọ́n, kíá ni n ó kọjá níbẹ̀. Èèyàn méjì, ọ̀nà méjì. Ní gbogbo ìyípo, wọ́n gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan, ní apá gbọọrọ tó kọjú sí ibi ìparí. Kọ́nà inú fi nǹkan bí mítà 12 kúrú ju kọ́nà òde lọ, pípààrọ̀ yìí ló ń mú kí ìrìn àwọn méjèèjì dọ́gba ní mítà 400. Ẹni tó bá gba kọ́nà inú lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀ léra kò rìn pé. Adájọ́ kò ṣèkà níbẹ̀ o. Kramer kò sá mítà 10,000 pé.

Mo ti ń gbọ́ ohùn ẹnì kan níbẹ̀ yẹn: «Ọ̀gá, àgbàlagbà ni, ojú rẹ̀ kò fọ́. Ṣé kò mọ ọ̀nà tó kàn án ni?» Rárá o! Ẹ jẹ́ ká dá ọ̀rọ̀ yìí dúró. Ẹ tẹ̀ báyìí, kí ẹ̀yìn yín fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ bí tábìlì, kí orúnkún yín ká, ẹ ká ọwọ́ sẹ́yìn, kí ẹ wá dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjìlá ààbọ̀ ó lé. Ìká orúnkún yẹn máa ń dín ẹ̀jẹ̀ tó ń wọ inú iṣan itan kù, ìdí nìyẹn tí itan fi ń jó bí iná. Ìyípo kọ̀ọ̀kan ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 31. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló kù fún orí ẹni tó ń sáré: kí àkókò ìyípo má ṣe fì. Ìṣirò tó kù, ọwọ́ kóòṣì ló wà. Òun ló ń gbé pátákó sókè, tó ń kọ àkókò sí i, tó ń ka iye tó kù. Ìgbẹ́kẹ̀lé yẹn wà lára eré náà, bí irin ti wà lábẹ́ bàtà.

Yorùbá ní ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun igi kò lè rí i. Lọ́jọ́ yẹn, àgbà ló ṣì í rí. Ọmọ tó gbọ́ràn ló sì jìyà. Ibẹ̀ ló ti ń dùn mí jù. Ká ní olóríkunkun ni Kramer, ìbá ti gba wúrà.

Ẹ má sì sọ pé ìgbọràn bẹ́ẹ̀, ìwà ẹrú ni. Ẹ wo ibi tó ti wá. Ní Friesland, ẹkùn kan ní àríwá Nẹ́dálándì, ìrìn síkéètì Elfstedentocht ń lọ káàkiri ìlú mọ́kànlá, nǹkan bí kìlómítà 200, lórí odò àti kànáàlì tó dì. Láti 1909 títí di òní, ẹ̀ẹ̀mẹ́ẹ̀dógún péré ni wọ́n ti ṣe é, ìkẹyìn sì ni 1997. Yìnyín gbọ́dọ̀ nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 15. Àwọn alábòójútó àgbègbè ló ń lu ihò, tí wọ́n ń wọ̀n ọ́n. Abẹ́ afárá ló máa ń kọ́kọ́ dójú tini, torí omi ibẹ̀ ń ṣàn, afẹ́fẹ́ sì ń gbá a. Bí sínóò bá bo yìnyín, ó ń ṣe bíi bùláńkẹ́ẹ̀tì, òtútù kò ní lè wọlé kó nípọn sí i, àfi kí wọ́n gbá a. Níbi tó bá fẹ́lẹ́ jù, wọ́n á tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sórí ilẹ̀, kí àwọn èèyàn fi bàtà síkéètì rìn kọjá. «Klunen» ni wọ́n ń pè é. Ní 1963, nǹkan bí 10,000 èèyàn bọ́ sórí yìnyín nínú òtútù tó lọ sí ìwọ̀n 18 nísàlẹ̀ òdo. Àwọn tó parí kò tó 200. Reinier Paping ló ṣáájú, wákàtí 10 àti ìṣẹ́jú 59. Ní 1997, Henk Angenent fi wákàtí 6 àti ìṣẹ́jú 49 parí rẹ̀. Ẹni tí kò bá gba ọ̀rọ̀ ẹni tó dúró létí odò gbọ́, inú omi ló ń lọ.

Àwọn ìtàn ẹgbẹ́ àti ti aṣíwájú, n ó kàn mẹ́nu bà wọ́n: ẹgbẹ́ síkéètì àgbáyé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Scheveningen ní 1892, Jaap Eden tó gba ife àgbáyé àkọ́kọ́ ní Amsterdam ní 1893, Ard Schenk tó gba wúrà mẹ́ta ní Òlíńpíìkì Sapporo ní 1972, òrùlé tí wọ́n fi bo pápá Thialf ní Heerenveen ní 1986.

Mo tún ń gbọ́ ẹnì kan: «Bàtà àwọn ará Nẹ́dálándì ni wọ́n fi ń borí!» Há, mo mọ̀ pé yóò dé! Ní Òlíńpíìkì Sochi 2014, àmì ẹ̀yẹ 23 nínú 36 ti eré síkéètì yìí ló bọ́ sọ́wọ́ wọn, àwọn kan sì ń sọ pé bàtà «klap» tí wọ́n ṣe ní Amsterdam ló fà á. Ẹ gbọ́. Nínú bàtà àtijọ́, irin so mọ́ iwájú àti gìgísẹ̀. Bí ẹ bá na ọrùn ẹsẹ̀, ṣóńṣó irin á gún yìnyín, ìdádúró nìyẹn, nítorí náà ni iṣan ojúgun ẹ̀yìn fi ń ṣòfò. Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan, Gerrit Jan van Ingen Schenau, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hínjì sábẹ́ iwájú àtẹ́lẹsẹ̀, irú èyí tó so ilẹ̀kùn mọ́ férémù. Gìgísẹ̀ gbéra, irin ṣì tẹ́ lórí yìnyín, ẹsẹ̀ nà tán, sípíríǹgì wá fà á padà: pàá! Bí sípíríǹgì bá rọ̀, irin á rọ̀ kọ́, á sì kọ́ yìnyín nígbà tí ẹsẹ̀ bá ń padà. Àwọn ọ̀dọ́ ló kọ́kọ́ gbà á. Àwọn gbajúmọ̀ ń yẹra fún un. Tonny de Jong gba ife Yúróòpù ní 1997 pẹ̀lú rẹ̀, nígbà tí Òlíńpíìkì Nagano 1998 fi dé, gbogbo ayé ti wọ̀ ọ́. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí Sochi tó dé. Báwo ni bàtà tí gbogbo èèyàn jọ wọ̀ ṣe wá jẹ́ oògùn ẹnì kan?

Ẹ jẹ́ ká padà síbi tí mo ti kúrò. Àwọn èèyàn ní kí Kramer lé Kemkers. Kò lé e. Ní Sochi, Kemkers ṣì ni kóòṣì rẹ̀, ó sì tún gba wúrà mítà 5,000. Ó wá ku mítà 10,000. Jorrit Bergsma, ọmọ Nẹ́dálándì bíi tirẹ̀, sá a ní 12:44.45, ó gba wúrà. Kramer gba fàdákà ní 12:49.02. Wúrà mítà 10,000 yẹn kò bọ́ sí i lọ́wọ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Àmọ́ lọ́jọ́ náà ní Sochi, ó pààrọ̀ ọ̀nà ní gbogbo ìyípo, kò ṣì í lẹ́ẹ̀kan.