Rédíò Yín Ò Mú Lórí Ọ̀sà? Ẹ Gbé E Kúrò Lẹ́bàá Ẹ́ńjìnnì!

Ẹ kú ojú omi o! Bí ẹ ṣe ń tan rédíò, bí ẹ ṣe ń ki bátìrì sí i, ìyẹn ti yé ara wa. Ẹ jẹ́ ká bọ́ síbi tọ́rọ̀ wà.

Ọkọ̀ kúrò ní èbúté Ẹ̀pẹ́, ẹ́ńjìnnì ń dún, Radio Lagos 107.5 bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ṣààà. Kí lẹ máa kọ́kọ́ ṣe? Ẹ ó yí fólúùmù sókè! Ariwo yẹn gan-an lẹ ń fi kún un o. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó máa yí nọ́ńbà kiri. Nọ́ńbà ò ṣẹ̀ yín! Ẹ fi í sílẹ̀!

Ohun tí ẹ ó ṣe rèé. Kí ọkọ̀ tó gbéra, ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ tan rédíò, kí ẹ wá pa ẹ́ńjìnnì. Tí ariwo bá bá ẹ́ńjìnnì dákẹ́, òun ló ń fà á. Tí ariwo bá ṣì wà, ó lè jẹ́ pé ilé iṣẹ́ rédíò ló jìnnà sí yín. ÈBÚTÉ NI MO WÍ O! Ẹ má lọ pa ẹ́ńjìnnì láàárín ọ̀sà nítorí rédíò.

Iná tí púlọ́ọ̀gì ń ta nínú ẹ́ńjìnnì ni rédíò ń gbọ́. Ṣé ẹ ti rí ìyá tó ń gba ìpè lẹ́bàá ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata? "Ẹ̀n? Ẹ̀n? Mi ò gbọ́ o!" Ẹni tó pè é ń sọ̀rọ̀ dáadáa. Ìyá ò kàn fẹ́ kúrò níbẹ̀ ni. Inú máa ń bí mi! Ìyá, ẹ sún díẹ̀! Ẹ̀yin náà, ẹ gbé rédíò lọ síwájú ọkọ̀. IWÁJÚ! Ẹ má fi í sábẹ́ ìjókòó ẹni tó ń wa ọkọ̀, ẹ má sì gbé e ti bátìrì àti ohun tí wọ́n fi ń gba iná sí fóònù.

Tó bá tún ń ṣe ṣààà, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì wò. Tó bá jẹ́ púlọ́ọ̀gì tí ilé iṣẹ́ NGK ṣe, ẹ wo lẹ́tà R lára rẹ̀: BR7HS ní R, ó ń dín ariwo yẹn kù, B7HS kò ní. Ẹ bi mẹkáníìkì yín bóyá ẹ́ńjìnnì yín gbà á kẹ́ ẹ tó rà á.

Èríà, ọ̀pá irin tẹ́ ẹ máa ń fà yọ lára rédíò, ńkọ́? FM kì í fẹ́ ohun tó bá dí i lọ́nà, Àgídíǹgbí n'Ìkẹjà ni Radio Lagos sì ti ń bọ̀. Tí rédíò bá wà nísàlẹ̀ láàárín apẹ̀rẹ̀ ẹja, kí ló fẹ́ rí mú? Ẹ gbé e síbi gíga, ẹ na èríà ní ìdúró, nǹkan bí 70 sẹ̀ǹtímítà tó fún 107.5. Kò pọn dandan kó gùn bí ọ̀pá tí wọ́n fi ń tukọ̀!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́ rédíò lórí fóònù, wáyà tẹ́ ẹ kì bọ etí yẹn ni èríà yín. Ẹ má ká a sápò, ẹ tú u kó gùn. Tí àrá bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í sán, ẹ ti èríà bọlé, kẹ́ ẹ kọrí sí èbúté kíákíá.