Àwòrán Lórí Ibi Ìsọdá Títì: Ilẹ̀ Ni Ẹ Ó Kọ́kọ́ Wò

Ẹ fojú inú wo ibi ìsọdá kan tí wọ́n ti ya àwòrán sí. Ìlà funfun méjì ló là á, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, àwòrán aláwọ̀ mèremère sì wà láàárín wọn. Àwòrán lojú kọ́kọ́ ń rí, ṣùgbọ́n ìlà funfun yẹn lòfin mọ̀. Òun ló ń sọ fún awakọ̀ pé ẹlẹ́sẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti kọjá níbẹ̀. Bí àwòrán bá gorí ìlà, tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ bo ìlà mọ́lẹ̀, ẹ ti ba ibi ìsọdá jẹ́.

Iṣẹ́ yìí ti pẹ́ díẹ̀. Carlos Cruz-Diez, ayàwòrán ọmọ Venezuela, ti kun ibi ìsọdá ní Caracas láti 1975. West Hollywood ní Amẹ́ríkà kun tiwọn ní àwọ̀ òṣùmàrè lọ́dún 2012. Ní 2022, àjọ aláàánú Bloomberg Philanthropies àti iléeṣẹ́ Sam Schwartz Consulting gbé ìwádìí jáde lórí ibi 17 tí wọ́n ya àwòrán sí lójú títì ní Amẹ́ríkà: ìjàm̀bá tó kan ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ dín kù sí ìdajì. Ẹ rọra fi ìyẹn yangàn o. Ibi 17 kò pọ̀, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni ibi ìsọdá nìkan.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ mọ ẹni tó ni títì náà. Ní Orlando, lóṣù August 2025, ìjọba ìpínlẹ̀ Florida pa àwọ̀ òṣùmàrè tó wà nítòsí ilé ijó alẹ́ Pulse rẹ́ lóru, nítorí títì ìpínlẹ̀ ni. Àwọn aláṣẹ ìlú fẹ́ ẹ, kò dá a dúró.

Ó wá ku ilẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ yìí ti ń bà jẹ́ kí wọ́n tó ṣí garawa pẹ́ńtì rárá. Títì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da ọ̀dà sí kò tíì ṣeé kùn. Ẹ fún un ní nǹkan bí ọjọ́ 30, torí òróró inú ọ̀dà ṣì ń jáde, pẹ́ńtì kò ní lè dì í mú. Títì tó ti sán, ẹ kọ́kọ́ dí ibi tó sán. Pẹ́ńtì kì í dí i. Ojú kan náà ni yóò tún là. Níbi tí ọ́ìlì ọkọ̀ bá kán sí, ẹ fi ọṣẹ tó ń gé epo àti bùrọ́ọ̀ṣì líle fọ̀ ọ́, kí ẹ wá ta omi díẹ̀ sí i. Bí omi bá tẹ́, ó ti mọ́. Bí ó bá ń ṣù jọ, ọ́ìlì ṣì wà níbẹ̀, ẹ tún un fọ̀.

Lẹ́yìn fífọ̀, ó kéré tán odindi ọjọ́ kan ni kó fi gbẹ. Ojú ilẹ̀ lè gbẹ kí ọ̀rinrin ṣì wà nísàlẹ̀. Ẹ gé ọ̀rá tó mọ́ gaara, sẹ̀ǹtímítà 45 níbùú lóròó, ẹ fi téèpù lẹ gbogbo etí rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí 16. Tí ẹ bá ṣí i, tí omi ti sẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, tàbí tí ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú ju àyíká lọ, ẹ dúró. Kọnkéré ni wọ́n ṣe àyẹ̀wò yìí fún, ṣùgbọ́n ó wúlò lórí títì ọlọ́dà náà. Ooru ilẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní 10°C, kó sì fi 3°C ju ìwọ̀n tí ìrì fi ń sẹ̀ lọ.

Iye pẹ́ńtì ńkọ́? Ká ní ibi ìsọdá yín gùn ní mítà 12, ó fẹ̀ ní mítà 3. Mítà onígun mẹ́rin dọ́gba 36 nìyẹn. Lítà kan, tí ẹ bá nà án kó nípọn tó mìlímítà 0.4 nígbà tó ṣì tutù, yóò bo mítà onígun mẹ́rin dọ́gba 2.5. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ ó kùn ún, nítorí náà lítà 29 ni. Ẹ jẹ́ kó pé 32, torí ojú títì kò dán, ihò rẹ̀ ń mu pẹ́ńtì. Ẹ wá pín in gẹ́gẹ́ bí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe gbilẹ̀ tó nínú àwòrán.

Ẹnì kan á ní kí wọ́n dà á nípọn lẹ́ẹ̀kan kí iṣẹ́ tètè parí. Ojú á gbẹ, inú á tutù, lẹ́yìn náà á là. Pẹ́ńtì títì ni kí ẹ lò o. Pẹ́ńtì ilé rọ̀, táyà gbígbóná á ká a lọ. Thermoplastic, irú ike kan tí wọ́n ń fi iná gáàsì yọ́ mọ́lẹ̀, máa ń pẹ́ ju pẹ́ńtì títì lọ, ó sì máa ń wọ́nwó jù ú lọ. Lórí kọnkéré, ẹ kọ́kọ́ kun pẹ́ńtì ìpìlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀.

Ẹ ya àwòrán sórí bébà ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 1 fún 50 lórí ilẹ̀, kí ẹ fi okùn ṣọ́ọ̀kì fa ìlà olójú-mẹ́rin sójú títì. Kí igun lè gún, ẹ wọn mítà 3 lápá kan, 4 lápá kejì. Àárín orí méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ 5. Ẹ kọ nọ́ńbà àwọ̀ sínú gbogbo apá àwòrán kí olùrànlọ́wọ́ má baà ṣi àwọ̀ kùn.

Yíyọ̀ ló lè dá ẹjọ́ sílẹ̀. Ẹ po iyanrìn wíwẹ́ tàbí aluminium oxide (ẹ̀rún líle tó dà bí iyanrìn) mọ́ pẹ́ńtì ìkẹyìn, kí ẹ máa rò ó léraléra, torí ó máa ń rì sísàlẹ̀ garawa: bí ẹ kò bá rò ó, apá kan á ha, apá kejì á máa yọ̀. Ẹ má fi ohun dídán bò ó kó lè máa dán yanran nínú fọ́tò. Oníkẹ̀kẹ́ àti ọlọ́kadà ni yóò jìyà rẹ̀ lọ́jọ́ òjò.

Àwọn ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì wẹ́wẹ́ tó ń dá ìmọ́lẹ̀ ọkọ̀ padà, orí ìlà funfun nìkan ni kí ẹ wọ́n ọn sí, nígbà tó ṣì tutù. Ní Amẹ́ríkà, ìwé àmì títì, MUTCD ẹ̀dà kọkànlá, ti December 2023, kò gbà kí àwòrán àárín dá ìmọ́lẹ̀ padà.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí àwòrán, ẹ fi han àwọn tí ojú wọn kò ríran dáadáa. Igun dúdú lè jọ ihò lójú wọn. Ní London lọ́dún 2021, àwọn abirùn fi ẹ̀hónú hàn, àjọ ìrìnnà ìlú sì dá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dúró fúngbà díẹ̀. Àwòrán tó ń mú kí ìlà dà bí ẹni gbéra nílẹ̀, irú ti Ísafjörður ní Iceland ní 2017, ẹ rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Kí ẹ tó kó kóònù kúrò, ẹ tẹ àtàǹpàkò mọ́ pẹ́ńtì, ẹ lọ́ ọ. Bí ó bá bá ìka yín lọ, ọkọ̀ kò tíì gbọ́dọ̀ gùn ún. Ojú ọ̀nà táyà ni yóò kọ́kọ́ pa rẹ́. Pupa títàn àti àwọ̀ pínkì ló sì ń tètè ṣá, pupa ilẹ̀ máa ń pẹ́. Nítorí náà, ẹ kọ nọ́ńbà àwọ̀ sílẹ̀, ẹ tọ́jú àwọn àwòṣe tí ẹ gé, kí ẹ sì kọ ẹni tí yóò máa tún ìlà funfun kùn sínú ìwé àdéhùn.