Bí A Ṣe Ń Yan Ọ̀pá Ìbọn fún Pípa Elk Láti Ọ̀nà Jíjìn

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin ọdẹ ẹgbẹ́ mi. Ohun tí ẹ ń bi mí jù ni bí ó ṣe yẹ kí ọ̀pá ìbọn tí a fi ń pa elk, àgbọ̀nrín ńlá ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gùn tó, ṣùgbọ́n gígùn kọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Ẹ kọ́kọ́ yan ọta, nítorí ìlà tó lọ́ yípo nínú ọ̀pá ni ó ń mú kí ọta máa yí bíríbírí bí ó ti ń lọ. Bí yíyí náà kò bá yára tó fún ọta gígùn, ńṣe ni yóò máa fì síhìn-ín fì sọ́hùn-ún, kò sì ní dé ibi tí ẹ fojú sùn.

.300 Winchester Magnum, irú ìbọn ọdẹ alágbára kan, ni èyí tó wà lọ́wọ́ mi. Mo ti kó ọta inú rẹ̀ kúrò, mo sì ti yọ bolt rẹ̀, ìyẹn irin tó ń ti ẹ̀yìn ọ̀pá pa. Mo fi aṣọ tó há dáadáa sórí ọ̀pá ìnubọn tí ó lè yí fúnra rẹ̀, mo sì ń tì í wọlé láti ẹ̀yìn. Ẹ tẹjú mọ́ àmì pupa tí mo fi sí i: ó ń lọ, ó ń lọ, ó ti yípo lẹ́ẹ̀kan. Íńṣì 10 ni ó rìn, èyí sì tó fún ọta 200 grain (grain ni wọ́n fi ń wọn ìwúwo ọta). Ẹni tó bá fẹ́ fi ìbọn 7mm yin ọta gígùn tó wúwo, ọ̀pá tó ń yípo lẹ́ẹ̀kan ní íńṣì 8 ni kí ó béèrè fún. Ẹ má gba ohun tí wọ́n kọ sára páálí gbọ́ láìwọ̀n ọ́n.

Ní ti gígùn, íńṣì 24 sí 26 ni mo fara mọ́ fún magnum, nítorí pé ẹ̀tù rẹ̀ pọ̀, ó sì ń fẹ́ àyè láti jó. Òfin ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà gbà kí ó kéré dé íńṣì 16, ṣùgbọ́n íńṣì kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá gé ń dín eré ọta kù ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ọ̀pá tó nípọn kì í tètè gbóná, àmọ́ ó wúwo; elk kì í dúró de ọta karùn-ún, ẹ̀yin ni ẹ ó sì gbé ìbọn náà gun òkè tó ga ju ẹsẹ̀ bàtà 10,000 lọ. Bí owó bá wà, ẹ ra èyí tí wọ́n fi carbon fiber, okùn tó fúyẹ́ tó sì lágbára, wé.

Ọ̀nà tí mo fi ń dán ọ̀pá wò nìyí: láràárọ̀, kí ọ̀pá ṣì tutù, mo máa ń yin ọta kan ṣoṣo sí ìwé kan náà fún ọjọ́ márùn-ún. Akọ elk lè wúwo ju kílò 300 lọ, bí ọgbẹ́ lásán bá sì bà á, yóò sá lọ jẹ̀rora nínú igbó. Nítorí náà, bí ihò márààrún kò bá sí lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi, n kì í yìnbọn láti ibi tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀.