Owó Ilé Ló Gbé Wọn Wá, Gbèsè Ló Wà Lẹ́yìn Rẹ̀

Ẹ̀yin àgbà àti ọ̀dọ́ tí ẹ pé jọ, ìdí tí àwọn tó ń wá ìmọ̀ràn ọ̀fẹ́ n'Ìbàdàn lórí ẹ̀tọ́, gbèsè àti ilé gbígbé fi pọ̀ ju agbára àwọn olùgbaninímọ̀ràn lọ ni mo fẹ́ bá yín sọ. Lójú tèmi, kì í ṣe pípọ̀ èrò nìkan ló fà á, bí kò ṣe pé ọ̀ràn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í dá wá, ó sì máa ń pẹ́ kí àwọn èèyàn tó wá gba ìmọ̀ràn.

Ẹ jẹ́ ká fi opó kan ní Bẹẹrẹ ṣe àpẹẹrẹ, tí onílé já ìwé pé kó kó jáde lé lọ́wọ́, èyí tí gbogbo wa ń pè ní kúìtì. Owó ilé ló gbé e wá, ṣùgbọ́n bí a bá fi sùúrù bi í, a óò gbọ́ pé ó yáwó lórí fóònù láti san owó ilé-ìwé ọmọ, pé èlé ti gorí owó náà, àti pé ọkọ rẹ̀ kú nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ aládàáni ńlá kan. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 pàṣẹ pé kí agbanisíṣẹ́ tí òfin náà bá mú ṣe adójútòfò ẹ̀mí, ìyẹn owó tí ẹbí yóò gbà bí òṣìṣẹ́ bá kú, fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, kí iye rẹ̀ má sì dín sí ìlọ́po mẹ́ta owó tí òṣìṣẹ́ ń gbà lọ́dún. Ta ló sọ fún opó náà? Ẹni tó bá a bẹ onílé fún oṣù méjì, tí kò béèrè ohun mìíràn, ewé ló já, kò kan gbòǹgbò.

Láyé àwọn baba wa, ológò ni olówó ń rán lọ jókòó ti onígbèsè, títí ojú yóò fi ti gbogbo agboolé. Àwọn ayánilówó orí fóònù kan ti sọ ìdógò yìí di àtẹ̀jíṣẹ́: wọ́n á kọ ọ́ sí àna, sí ọ̀gá ibi iṣẹ́, àní sí ìyá ìjọ, pé olè ni ẹni náà. Ní 2022, FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníbàárà, gbé ìlànà jáde láti fi ká wọn lọ́wọ́ kò. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 sì ti sọ ọ́ gbangba pé a kò gbọdọ̀ mú ènìyàn torí àdéhùn tó yẹ̀ lásán. (Èmi kò sọ pé kí onígbèsè má san o.) Síbẹ̀, ẹni tí wọ́n bá fi ọlọ́pàá dẹ́rù bà yóò tún lọ yá owó mìíràn san èyí.

Ní ti ilé, bí àdéhùn kò bá sọ ohun mìíràn, oṣù mẹ́fà ni kúìtì ẹni tó ń san lọ́dọọdún, oṣù kan ni ti ẹni tó ń san lóṣooṣù, ìwé ọlọ́jọ́ méje yóò sì tẹ̀ lé e kí ọ̀rọ̀ tó dé kọ́ọ̀tù. Ẹni tó dákẹ́ títí onílé fi ká páànù lórí ilé ti fi àkókò yẹn ṣòfò.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí Citizens Advice, ẹgbẹ́ tó ń gba ará ìlú nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́, ti wà láti 1939, òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2013 yọ ọ̀pọ̀ ẹjọ́ irú èyí kúrò lára èyí tí ìjọba ń san owó agbẹjọ́rò fún. Ní ti ilé, lọ́pọ̀ ìgbà, ó di ìgbà tí ilé bá fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn gan-an kó tó rí ìrànwọ́ náà. Èmi kò rò pé ó yẹ ká kọ́ irú ìyẹn.

Kí olùgbaninímọ̀ràn tó kọ lẹ́tà kankan sí onílé, kó kọ́kọ́ béèrè gbèsè àti ẹ̀tọ́. Kí ẹni tó ń bọ̀ sì kó ìwé àdéhùn, rìsíìtì owó ilé, ìwé ìgbanisíṣẹ́ àti fóònù tí àtẹ̀jíṣẹ́ wà nínú rẹ̀ dání. Kó má pa ọ̀kankan rẹ́.