Kí ló ń jẹ́ kí intalọ́ọ̀kì rì lẹ́nu géètì?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin tèmi. Ẹ wo ẹnu géètì yìí dáadáa. Intalọ́ọ̀kì ẹ̀ ò tíì pẹ́, àmọ́ ojú ibi tí táyà ń gbà ti rì, tójò bá ti rọ̀ báyìí omi á jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó san rẹ́ǹtì. Àwọn èèyàn á ní òkúta ni ò dáa. Irọ́ ni lọ́pọ̀ ìgbà, ilẹ̀ abẹ́ ẹ̀ ni.

Ẹ mú apá Lekki àti Ajah. Àbàtà ni púpọ̀ nínú ilẹ̀ yẹn kí wọ́n tó da yanrìn sí i, ẹ gbẹ́ ẹ díẹ̀ omi ti yọ, tó bá wá di Òkúdù (Júùnù) tí òjò ò dá mọ́, omi ìsàlẹ̀ ń gòkè, tòkè ò ríbi lọ. Yanrìn ò burú o! Tí ò bá ṣáà ti sí kọ́bù, ìyẹn etí kọnkéré tó dè é lẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣe ló máa ń sá lọ, òkúta á sì tẹ̀lé e.

Ti Ìbàdàn yàtọ̀. Ilẹ̀ pupa le, ó ń gba táyà, àgbàrá ni wàhálà ibẹ̀ torí òkè pọ̀. Ẹ da kọnkéré sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láì ṣe gọ́tà, àgbàrá á wọ abẹ́ ẹ̀, á máa kó erùpẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, ojú ẹ̀ ń dán, inú ti ṣófo, ọjọ́ tí típà bá gùn ún ló máa já wọlẹ̀ gbì.

Èyí tí mi ò fẹ́ràn rárá ni amọ̀. Tó bá mu omi á wú, tọ́yẹ́ bá dé á súnkì, á là, bẹ́ẹ̀ lá ṣe máa gbé kọnkéré yín sókè sódò. Ẹ kó o dànù, ẹ fi ilẹ̀ pupa dípò, kẹ́ ẹ máa tẹ̀ ẹ́ ní ìpele ìpele.

Intalọ́ọ̀kì tó nípọn tó 60 mm lè gbé mọ́tò kékeré, àmọ́ táńkà omi ńkọ́? 80 mm ni kẹ́ ẹ rà. Stóòn dọ́ọ̀sì, ìyẹn òkúta lílọ̀ tẹ́ ẹ máa tẹ́ sábẹ́ ẹ̀, ò gbọdọ̀ nípọn ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, ẹ má fi dí kòtò, kí ojú intalọ́ọ̀kì sì dà sọ́nà gọ́tà, bíi sẹ̀ǹtímítà 2 nínú mítà kan.

Kẹ́ ẹ tó pe oníṣẹ́, ẹ gbẹ́ ihò tó jìn dé orúnkún síbẹ̀ lásìkò òjò, ẹ bomi kún un, ẹ bò ó, ẹ lọ sùn. Tẹ́ ẹ bá jí tómi ṣì ń wò yín lójú, gọ́tà lẹ máa kọ́kọ́ ṣe.