Oògùn fífún ní care home nílùú ọba: ẹ má tíì sáìnì ná

Ẹ káàbọ̀ o. Fídíò tòní wà fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ kíà nílùú ọba, pàápàá ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ di senior, tí wọ́n ti ṣe tréníìnì fún, tí wọ́n sì ti dúró wo ọwọ́ yín pé ẹ lè fún èèyàn lóògùn. Tí wọn ò bá tíì ṣe ìyẹn fún yín, ẹ má fọwọ́ kan trọ́lì oògùn o, bí wọ́n bá tiẹ̀ ní kò séèyàn lẹ́nu iṣẹ́ lónìí.

Nílé, tí ìyá àgbà bá kọ oògùn, ṣebí a ó lọ̀ ọ́ ni, a ó dà á sínú ẹ̀kọ mímu, a ó bu ṣúgà sí i, wọ́n á mu ún, ó tán. Ìfẹ́ ló wà ńbẹ̀. Ní care home, ìyẹn ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àgbàlagbà, ẹjọ́ ló dà yẹn. Òfin Mental Capacity Act ti 2005 sọ pé àgbàlagbà tí ọpọlọ ẹ̀ ṣì lè ṣèpinnu lẹ́tọ̀ọ́ láti ní òun ò lò ó, ìpinnu ẹ̀ ì báà má bọ́gbọ́n mu lójú yín. Ẹ fi í sílẹ̀, ẹ padà lọ bá a tó bá yá, tó bá ṣì kọ̀, ẹ kọ ọ́ sórí MAR chart (ìwé tẹ́ ẹ ń kọ oògùn tẹ́ ẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan sí) pé ó kọ̀, kẹ́ ẹ sọ fún ẹni tó yẹ. Tí dementia, àrùn ìgbàgbé, bá ti wọ̀ ọ́ débi tí ò lè ṣèpinnu mọ́ ńkọ́? GP (dókítà ẹ̀), fárímásì àti ẹbí ẹ̀ gbọ́dọ̀ jọ jókòó sọ ọ́, kó wà ní kíkọ, kẹ́nikẹ́ni tó fi oògùn pamọ́ sínú oúnjẹ.

Àti pé lílọ̀ yẹn fúnra ẹ̀ léwu. Oògùn tẹ́ ẹ bá rí MR, SR tàbí XL lára orúkọ ẹ̀, wọ́n ṣe é kó máa tú jáde díẹ̀díẹ̀ ni. Tẹ́ ẹ bá lọ̀ ọ́, gbogbo ẹ̀ á ya wọ ara lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀rọ̀ orúkọ: ẹ má bi ẹni tó ní dementia pé "ṣé ẹ̀yin ni Margaret?" torí ó lè ní bẹ́ẹ̀ ni, kó má jẹ́ òun. Fọ́tò tó wà pẹ̀lú MAR chart ni kẹ́ ẹ wò.

Àsìkò ló wá ń dà wá láàmú jù, torí ọwọ́ máa ń dí láàárọ̀. Ẹni tó ní Parkinson's (àrùn tó ń mú ara gbọ̀n, tó ń mú un le), tí levodopa, oògùn àrùn náà, bá jẹ́ aago 8, kó má kọjá ìṣẹ́jú 30 síbẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ara ẹ̀ lè le pátápátá, kó má lè gbé oúnjẹ mì, ẹ jẹ́ kí ráùǹdì yín bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀. Alendronic acid, oògùn egungun, òfìfo inú ni wọ́n fi ń lò ó láàárọ̀, omi lásán gíláàsì kan, kí onítọ̀hún jókòó dáadáa tàbí kó dúró fún ìṣẹ́jú 30, kó tó jẹun, kó tó mu tíì (ẹ ẹ̀ sì mọ àwọn èèyàn yìí àti tíì wọn). Tó bá dùbúlẹ̀, oògùn yẹn lè bó o lọ́nà ọ̀fun.

Paracetamol tá a rò pé kékeré ni, ẹ kọ aago tẹ́ ẹ fún un gan-an, torí wákàtí 4 ó kéré tán ló gbọ́dọ̀ wà láàárín, hóró 500mg kò sì gbọ́dọ̀ ju 8 lọ ní wákàtí 24, ẹni tó rù gan-an GP lè ní kó má tó bẹ́ẹ̀. Co-codamol, oògùn ìrora míì, náà ní paracetamol nínú o! Fentanyl, oògùn ìrora líle tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara, ẹ wá ti tẹ́lẹ̀ kẹ́ ẹ yọ ọ́ kẹ́ ẹ tó lẹ tuntun, ẹ má sì gbé rọ́bà omi gbígbóná sí i lára, ooru máa ń jẹ́ kó wọlé jù.

Sáìnì wá kẹ́yìn. Ojú yín gbọ́dọ̀ rí i pé ó gbé e mì. Ẹ má kó oògùn sínú kọ́ọ̀bù kéékèèké sílẹ̀ fún èèyàn mẹ́fà, ẹ má sáìnì ráùǹdì ọ̀sán láàárọ̀ torí ẹ fẹ́ tètè lọ bùrékì, ẹ sì fi fóònù sílẹ̀ níbòmíì, WhatsApp ò ní sá lọ.

Tẹ́ ẹ bá wá ṣi oògùn fún èèyàn, mo mọ̀ pé ẹ̀rù sponsorship, ìwé tí ilé iṣẹ́ fi gbà wá wọ̀lú, á ba ọ̀pọ̀ nínú wa, a á fẹ́ panu mọ́. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Tí ò bá lè mí dáadáa tàbí tó ń sùn lọ tí ò ṣe é jí, ẹ pe 999 fún áńbúláǹsì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ pe GP tàbí 111 (nọ́ńbà ìmọ̀ràn ìlera NHS) lójú ẹsẹ̀, kí mánéjà náà gbọ́. Ẹ mú MAR chart àti páálí oògùn náà dání kẹ́ ẹ tó pè, torí wọ́n á bi yín ní orúkọ ẹ̀, iye tó lò, aago tó lò ó, àti àwọn oògùn míì tó ń lò.